Ohun tí àtẹ iye owó Welltower kọ́ mi

Ẹ̀yin ará, ilé ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Maryland. Bí mo ṣe ń rí i tí àwọn yàrá tó ṣófo nígbà àjàkálẹ̀ àrùn tún ń kún ni ọkàn mi fi fà sí Welltower, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ní irú ilé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀, ní Kánádà àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. REIT ni, ìyẹn ilé-iṣẹ́ tó ń fi owó àwọn onípìn-ín ra ilé tó ń mú owó wọlé, òfin sì ní kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pín ó kéré tán ìdá 90 nínú 100 èrè tó yẹ kí owó orí wà lórí rẹ̀ fún àwọn onípìn-ín.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2022, iye ìpín kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 100 dọ́là. Nígbà tí oṣù kẹsàn-án ń parí lọ, ó ti já wálẹ̀ sí 60 ó lé díẹ̀, RSI, òṣùwọ̀n láti 0 sí 100 tó ń fi bí iye owó ṣe ń yára gòkè tàbí já hàn, tí Welles Wilder, onímọ̀ nípa àtẹ ọjà, gbé jáde ní 1978, sì ti wọ abẹ́ 30. Ohun tí mo kọ́ ni pé bí ó bá ti dé ibẹ̀, àwọn tó ń tà ti tà á jù, yóò padà gòkè. Owó tí mo fi iṣẹ́ òru kó jọ ni mo fi rà á, láìwo ohun mìíràn. Nígbà tó di oṣù kẹwàá, ó wọ abẹ́ 60, ìbẹ̀rù mú mi, mo sì tà á pẹ̀lú àdánù tó dùn mí gan-an.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. RSI kàn ń wọn bí ìjábọ́ náà ṣe yára tó ni. Kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà. Ká ní mo ti wo àtẹ ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ǹ bá ti rí i pé iye owó ti wà lábẹ́ ìlà ìpíndọ́gba ọjọ́ 200 (ìpíndọ́gba iye owó ní ọjọ́ ìtajà 200 tó kẹ́yìn), àti pé ìlà náà fúnra rẹ̀ ti ń dorí kodò. Ìdí rẹ̀ kò sì fara sin: láti oṣù kẹta ọdún náà ni báńkì àpapọ̀ Amẹ́ríkà ti ń fi kún èlé. Gbèsè wà lára ohun tí àwọn REIT fi ń ra ilé, nígbà tí èlé bá sì ga, ẹni tó ń wá owó tí yóò máa wọlé déédéé lè yá ìjọba lówó dípò kí ó ra ìpín wọn, kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀. (Ẹ kíyè sí èyí pẹ̀lú: lọ́jọ́ tí ẹ̀tọ́ sí èrè tí wọ́n fẹ́ pín bá kúrò lára ìpín, iye rẹ̀ sábà máa ń dín kù. Ìyẹn kì í ṣe àmì ìjábọ́ rárá.)

Mo padà rà á ní 2023, lẹ́yìn tí iye owó ti dúró lórí ìlà ọjọ́ 200, tí ìlà náà kò sì wálẹ̀ mọ́. Díẹ̀ ni mo rà, mo sì pàṣẹ pé kí wọ́n bá mi tà á bí ó bá já sí abẹ́ ìlà náà. Ọdún 2024 ló tó kọjá 100 dọ́là, àjà tó ti dá a padà ní 2022. Mi ò tíì tà á.