Ọkọ̀ ojú irin kékeré tí mo ń kàn: ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbàdàn ni mo ń gbé, mo sì ń kan ọkọ̀ ojú irin kékeré tí yóò máa sáré yí ẹ̀yìnkùlé mi ká, ní àwòrán irú èyí tó ń rìn lórí ojú irin àtijọ́ tó wọ ìlú wa lọ́dún 1901. Àlàfo àárín irin méjèèjì tí mo tẹ́ sílẹ̀ jẹ́ mìlímítà 45. Níwọ̀n bí ti ojú irin àtijọ́ náà ti jẹ́ mìlímítà 1,067, ìṣirò mi fi hàn pé ìdá kan nínú 24 ìwọ̀n ọkọ̀ gidi ni ó yẹ kí n fi gé ara ọkọ̀ náà, ṣùgbọ́n ìdá kan nínú 22.5 ni ilé iṣẹ́ LGB ti Jámánì, tó ń ṣe ọkọ̀ ojú irin kékeré, fi ń ṣe ọ̀pọ̀ ohun èlò tirẹ̀. Bí mo bá pa méjèèjì pọ̀, ṣé yóò hàn sójú? Ó jọ mí pé fèrèsé àti ilẹ̀kùn ni yóò kọ́kọ́ tú àṣírí.

Ọ̀rọ̀ iná ló le jù. Idẹ ni irin náà, ara rẹ̀ ni iná sì ń gbà dé táyà ọkọ̀. Bí òjò bá ti rọ̀, ojú idẹ á ṣú, ọkọ̀ á máa ta gìrì, á sì dúró títí n ó fi fi sáńpépà ha á. Mo ń rò ó láti gbé bátìrì sínú kẹ̀kẹ́ ẹrù tó tẹ̀ lé ẹ́ńjìnnì, kí n má gba iná lára irin mọ́. Ẹni tó bá ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, ẹ jọ̀wọ́, irú bátìrì wo lẹ lò, báwo lẹ sì ṣe dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn ọ̀sán?