PVsyst kò gba páńẹ́lì 10 lórí ìlà kan

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Mo ń fi PVsyst, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣírò iná sólà, ṣètò iná sólà fún ilé kan ní Adó-Èkìtì. Páńẹ́lì 10 ni mo fẹ́ so tẹ̀lé ara wọn; fólítì 48 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń mú wá nígbà tí a kò tíì so nǹkan kan mọ́ ọn, ínfátà sì lè gbà tó 500. Àpapọ̀ rẹ̀ kò ju 480 lọ, síbẹ̀ ètò náà ń fi lẹ́tà pupa kìlọ̀ pé ó pọ̀ jù. Kí ló fà á?

Ìdáhùn 1: Ìṣirò yín tọ̀nà, òtútù ni ẹ kò kà mọ́ ọn. Bí páńẹ́lì bá ṣe ń tutù sí i ni fólítì rẹ̀ ń gòkè, nǹkan bí ìdá 0.3 nínú 100 fún ìwọ̀n Sẹ́lísíọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan tó bá fi kéré sí 25. Òtútù ilẹ̀ Yúróòpù, ìyẹn −10, ni PVsyst máa ń lò bí a kò bá yí i padà, 480 yín á sì di 530. Ta ló rí irú òtútù bẹ́ẹ̀ l'Adó rí? Ẹ ṣí Project settings, kí ẹ fi 15 dípò −10. Yóò di bíi 494.

Ìdáhùn 2: Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n fólítì 6 tó kù kó tó pé 500 kéré jù láti fi ṣe ààyè, pàápàá bí ẹ bá máa lo ìṣirò kan náà fún Ẹ̀fọ̀n-Aláayè lásìkò ọyẹ́. Páńẹ́lì 9 ni èmi yóò so. Ẹ tún yẹ azimuth, ìyẹn ìhà tí páńẹ́lì kọjú sí, wò: 0 ni gúúsù nínú PVsyst, kì í ṣe 180 bíi ti PVWatts, ètò mìíràn tí a fi ń ṣírò iná sólà.

Olùbéèrè: Ẹ ṣeun púpọ̀. Àmì pupa ti lọ. 9 ni n ó sì so.