Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wa RV (ọkọ̀ tó tún jẹ́ ilé) ńlá tó ń fa ọkọ̀ lẹ́yìn gba àfonífojì Utah, ẹ wá sọ tiyín

Àdìó_Houston:
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi, ìyàwó àti àwọn ọmọ fẹ́ gbéra tí iléèwé bá ti gba ìsinmi. A ó gba Page ní Arizona wọ Utah, ká rí Bryce àti Zion, àwọn ọgbà ìjọba tó wà níbẹ̀. RV tá a fẹ́ gbé lọ gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 38, a ó sì so Jeep mọ́ ọn lẹ́yìn. Gbogbo ohun tí mò ń kà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òyìnbó ló kọ ọ́, wọn kì í sì í sọ ibi tọ́rọ̀ ti dùn. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yẹn, ẹ wá sọ ohun tójú yín rí.

Ìyá_Ìbejì_Dallas:
Ojú mi rí màbo. Ọbẹ̀ wà lórí iná, mò ń bọ̀.

Tirela_Àgbà:
Àdìó, ọkọ̀ wíwà ni mo fi ń jẹun, torí náà ẹ fara balẹ̀ gbọ́ tèmi. Òkè gígùn kò le, ẹ́ńjìnnì kàn máa ké ni. Ibi tẹ́ ẹ ó ti máa sọ̀ ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. Bẹ́ ẹ bá ń tẹ bíréèkì látòkè délẹ̀, á gbóná, òórùn jíjóná á gba inú ọkọ̀ kan, tó bá yá, ẹsẹ̀ yín á kàn máa rì lásán, ọkọ̀ ò ní dúró. Kí ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ni kẹ́ ẹ ti fà á sí jíà kékeré, kí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ máa fà á sẹ́yìn. Bíréèkì ẹsẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ dáadáa, kẹ́ ẹ sì tú u sílẹ̀ kó fẹ́ atẹ́gùn. Jeep yẹn náà gbọ́dọ̀ ní ohun tí yóò máa tẹ bíréèkì tirẹ̀. Nǹkan tó wúwo tó 4,000 pọ́ùn ò gbọdọ̀ máa ti èèyàn lẹ́yìn níbi tó ti ń sọ̀.

Ọmọ_Mápó:
Ẹ má bínú o, Ìbàdàn ni mo wà. Ọkọ̀ tó ti jẹ́ ilé, tó ní yàrá, tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kí ló tún ń fa ọkọ̀ mìíràn kiri fún?

Ìyá_Ìbejì_Dallas:
Ọmọ Mápó, tẹ́ ẹ bá ti gúnlẹ̀, tẹ́ ẹ ti so omi, so iná, so páìpù ẹlẹ́gbin, ṣé ẹ máa tú gbogbo ẹ̀ torí pé ata tán ni? Ọkọ̀ kékeré lẹ ó gbé lọ sọ́jà. Ọ̀pọ̀ ibi tó dùn ún wò, RV ò tiẹ̀ ráyè dúró síbẹ̀.

Ọmọ_Mápó:
Ó ti yé mi. Olówó ń jayé.

Àkànní_Maryland:
Ẹ jẹ́ n sọ ti Moki Dugway, ọ̀nà kan tó gba ara òkè sọ̀ kalẹ̀ ní Utah. Èmi kọ́ ni mo wa ọkọ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi ni. Natural Bridges la ti ń bọ̀, à ń lọ sí Mexican Hat. Fóònù ní ká gba ọ̀nà 261, torí pé ó yá. Ibi tá a ti yà, bọ́ọ̀dù wà níbẹ̀ tó ń kìlọ̀ fún ọkọ̀ gígùn. Ẹ̀gbọ́n mi ní àwọn tí ò mọ ọkọ̀ wà ni wọ́n kọ ọ́ fún. Títì dán, ọ̀nà gún, à ń gbọ́ fújì lọ. Àfi bí ọ̀dà ṣe tán lójijì, tó di òkúta wẹ́wẹ́, tá a wá rí i pé ilẹ̀ ti tán níwájú. Ó ju 1,000 ẹsẹ̀ bàtà lọ sísàlẹ̀, ọ̀nà sì ń lọ́ kọ́lọkọ̀lọ lára ògiri òkè yẹn.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mọ̀ pé RV tó so ọkọ̀ mọ́ ẹ̀yìn kì í fi rìfásì rìn. Táyà iwájú ọkọ̀ kékeré yẹn á yí síbi tó wù ú, irin tó so wọ́n pọ̀ á sì tẹ̀. Ibi tá a wà náà ò fẹ̀ tó ká fi yípo. A ní ká tú u. Pínnì tó di irin yẹn mú ò yọ! Ọkọ̀ ti dúró ní ìdàgẹ̀rẹ̀, irin ti fún pínnì mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n mi ń fi òòlù gbá a lábẹ́, èmi wà nínú ọkọ̀ kékeré, mò ń tẹ bíréèkì, mò ń tú u, kó lè sún díẹ̀. Eruku pupa ti pò mọ́ òógùn lójú ẹ̀, eyín nìkan là ń rí. Ìyàwó ẹ̀ ńkọ́? Ó jókòó sórí òkúta, ó ṣí kúlà, ó ń jẹ mọ́ínmọ́ín. Kò bá wa sọ ọ̀rọ̀ kan. Nígbà tí pínnì fò jáde, òyìnbó kan tó ń gun òkè bọ̀ bá wa dá ọkọ̀ dúró, la bá fi díẹ̀díẹ̀ yí RV padà. Ọ̀nà 95 la gbà lọ sẹ́bàá Blanding, ká tó gba Bluff dé Mexican Hat.

Abẹ́kẹ́_Peckham:
Ìyàwó yẹn ni mo fẹ́ràn. Ẹ bá mi kí i dáadáa.

Ọmọ_Mápó:
Mọ́ínmọ́ín eléwé ni àbí ti agolo?

Àkànní_Maryland:
Ti ike ni.

Ọmọ_Mápó:
Háà. Kò tíì jẹ mọ́ínmọ́ín nìyẹn.

Abẹ́kẹ́_Peckham:
Wọ́n tún ti dé. Ewé eéran wo ló hù ní Utah?

Ọmọ_Mápó:
Wọ́n ń tà á ní dídì. Àǹtí mi tó wà ní Houston ń rà á. Ẹni tó lówó RV kò lè lóun ò rówó ewé.

Láṣùn_ATL:
Ẹ fi mọ́ínmọ́ín sílẹ̀. Àkànní, ẹ má dẹ́rù ba Àdìó. Mo ti wo fídíò RV tó gun Moki Dugway yẹn. Ṣebí lọ́ọ̀rì tó ń kó òkúta uranium ni wọ́n torí ẹ̀ la ọ̀nà náà láwọn ọdún 1950, láti ibi ìwakùsà Happy Jack? Bí lọ́ọ̀rì tó kó òkúta kún bá gbà á, kí ló máa ní kí RV má gbà á?

Tirela_Àgbà:
Ìdí RV ló máa ní kó má gbà á. Láti táyà ẹ̀yìn dé bọ́ńpà, ti ẹlòmíì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 10. Tó bá ń já kọ́nà, ìdí yẹn á jù síta tàbí kó gbá ilẹ̀. Lọ́ọ̀rì ayé ijọ́un kò nírú ìdí bẹ́ẹ̀. Ìjọba Utah fúnra wọn gbani nímọ̀ràn pé ọkọ̀ tó bá ju ẹsẹ̀ bàtà 28 tàbí 10,000 pọ́ùn lọ, kó má gbabẹ̀. Fídíò tẹ́ ẹ wò, ṣé wọ́n so Jeep mọ́ ọn?

Láṣùn_ATL:
Rárá.

Tirela_Àgbà:
Ẹ ṣeun.

Àdìó_Houston:
Mo ti pa Moki rẹ́ nínú ìwé mi. Ihò inú òkè ní Zion ńkọ́?

Ìyá_Ìbejì_Dallas:
Ọbẹ̀ ti jinná. Ọdún 1930 ni wọ́n ṣí ihò yẹn, ọkọ̀ ìgbà náà ni wọ́n sì fi wọ̀n ọ́n. Ó gùn ju máìlì kan lọ, òrùlé ẹ̀ tẹ̀ kọrọdọ, torí náà ọkọ̀ gíga ò lè dúró sí apá tirẹ̀, àárín gbùngbùn ló gbọ́dọ̀ gbà. Nígbà tá a lọ, dọ́là 15 la san, àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà bá wa dá àwọn tó ń bọ̀ lódìkejì dúró. Ṣùgbọ́n nígbà náà, RV àti ọkọ̀ ẹ̀yìn pa pọ̀ ò gbọdọ̀ ju ẹsẹ̀ bàtà 50, tiwa sì jù ú lọ. A tú Jeep, èmi ni mo wà á tẹ̀ lé Bàbá Ìbejì. Wọ́n gbẹ́ fèrèsé sára òkúta inú ihò yẹn. Òkùnkùn biribiri ló máa wà, téèyàn bá kan fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á là yòò síni lójú, òkè pupa á yọ fìrí, ó tún ti lọ. Mo ń pariwo lórí fóònù pé kó wò ó. Bàbá Ìbejì ò rí fèrèsé kankan, ìlà àárín ọ̀nà nìkan ló ń wò.

Àmọ́ Àdìó, ẹ má gbé tiyín lọ síbẹ̀ o. Wọ́n ti kéde pé láti ọjọ́ 7 oṣù kẹfà 2026, ọkọ̀ tó bá gùn ju ẹsẹ̀ bàtà 35 àti íńṣì 9 ò ní gba ọ̀nà Mount Carmel, tí ihò yẹn wà, mọ́. Láti Kanab, ẹ sọ̀ sí Fredonia, kẹ́ ẹ gba ọ̀nà 389 yọ sí Hurricane.

Láṣùn_ATL:
Wọ́n fẹ́ pàdánù dọ́là 15 wọ̀nyẹn? Nǹkan mìíràn wà níbẹ̀.

Tirela_Àgbà:
Kò sí nǹkan mìíràn níbẹ̀. Kọ́nà ọ̀nà yẹn mú jù, ọkọ̀ gígùn ò lè yí i kó má kọjá sí apá ẹni tó ń bọ̀.

Abẹ́kẹ́_Peckham:
Ẹ rántí aago o! Nígbà tá a wá ṣàbẹ̀wò láti London, fóònù mi ń yí padà bó ṣe wù ú ní Page. Aago Arizona ni wọ́n ń lò fún àfonífojì Antelope Canyon, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ àwọn Navajo, ìran tó ti wà níbẹ̀ kí òyìnbó tó dé, ló wà.

Láṣùn_ATL:
Kí ni ìyàtọ̀? Arizona kì í yí aago síwájú nígbà ooru.

Abẹ́kẹ́_Peckham:
Arizona kì í yí i, Navajo ń yí i.

Láṣùn_ATL:
Inú Arizona kọ́ ni Navajo wà?

Àkànní_Maryland:
Ó wà níbẹ̀, ó tún wọ Utah àti New Mexico. Àwọn Hopi sì wà láàrin Navajo, àwọn yẹn kì í yí i.

Láṣùn_ATL:
Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń fi mí ṣeré yìí.

Tirela_Àgbà:
Òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ìgbà ooru, wákàtí kan ló wà láàrin wọn. Àdìó, láísẹ́ǹsì yín ńkọ́? Ní Texas, RV tó bá ju 26,000 pọ́ùn lọ, láísẹ́ǹsì Class B, ti ọkọ̀ ńlá, ni wọ́n ń béèrè.

Àdìó_Houston:
Ìyẹn ò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi. Màá lọ yẹ ìwé ọkọ̀ wò lọ́la. Ìyàwó mi ti ka gbogbo ọ̀rọ̀ yín, ó lóun náà fẹ́ ra kúlà.

Abẹ́kẹ́_Peckham:
😂😂😂

Tirela_Àgbà:
Tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ọ̀nà I-70 padà, láti Salina dé Green River, ó ju 100 máìlì lọ tí kò sí ilé epo. Ẹ jẹ́ kí táǹkì kún.

Ọmọ_Mápó:
Táǹkì wo? Ti epo ni àbí ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀?

Ìyá_Ìbejì_Dallas:
Ti epo ni kó kún. Ìkejì, ẹ dà á nù kẹ́ ẹ tó kúrò ní Salina, kẹ́ ẹ sì wọ ìbọ̀wọ́.