PC géèmù: káàdì àwòrán (GPU) ni kí n náwó sí àbí prósẹ́sọ̀ (CPU)?

ỌmọÌtirẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin àgbà. Ẹ jọ̀ọ́ mo fẹ́ to PC géèmù tó dáńtọ́, mílíọ̀nù 3 àtààbọ̀ ló wà lọ́wọ́, mọ́nítọ̀ ti wà ńlẹ̀, 1440p ni (bí àwòrán ẹ̀ ṣe mọ́ tó nìyẹn), 165Hz. Warzone àti Cyberpunk 2077 ni mo máa ń ṣe jù, EA FC náà. Mo lọ sí Computer Village ní Sátidé, bọ̀dá kan ní ṣọ́ọ̀bù ní kí n mú prósẹ́sọ̀ Core i9-14900K kí n wá fi káàdì RTX 5060 Ti 8GB sí i, ó ní prósẹ́sọ̀ ló ń gbé géèmù, pé kí n má wo ẹnu ẹnikẹ́ni. Ọkàn mi ò balẹ̀. Ó tún wá ku ọ̀rọ̀ iná, ínfátà 24V la ní nílé, bátìrì 200Ah méjì, mọ́mì mi sì ti kìlọ̀ pé ẹni tó bá fi géèmù jẹ bátìrì tán kó tó dalẹ́ á rí òun. Ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ̀gbọ́nỌ̀tígbà:
Àbúrò, má rà á. i9 yẹn lágbára, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn, àmọ́ ibi tó yẹ kí owó ẹ wọ̀ kọ́ nìyẹn. Lórí 1440p, káàdì ló ń ya gbogbo ohun tó ò ń rí, prósẹ́sọ̀ ń ṣírò ibi tí ọ̀tá dúró sí àti ibi tí ọta bà, ó ń gbé iṣẹ́ fún káàdì, tí káàdì ò bá wá lè yà á tán, prósẹ́sọ̀ olówó ńlá á jókòó máa dúró dè é ni. Mẹ́mórì káàdì yẹn, 8GB, gan-an ló ń bí mi nínú. Ṣí ray tracing (ìmọ́lẹ̀ àti òjìji bíi ti gidi) nínú Cyberpunk kó o wò ó, á kún bámúbámú, géèmù á máa dúró fìrì, á tún máa lọ. 5060 Ti oríṣi méjì ló sì wà o, 8GB àti 16GB, orúkọ kan náà, ka ara páálí dáadáa kí wọ́n má gbé ti 8GB fún ẹ lówó 16GB.

Wo RTX 5070 Ti ti Nvidia tàbí RX 9070 XT ti AMD, àwọn méjèèjì ní 16GB, ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni wọ́n jáde, $749 ni wọ́n fi gbé ti Nvidia jáde ní Amẹ́ríkà, ti AMD $599. Tó bá jẹ́ pé ray tracing lo fẹ́ràn, mú Nvidia, tí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, AMD yẹn á jẹ́ kówó ṣẹ́kù. Prósẹ́sọ̀, Ryzen 7 7800X3D tàbí 9800X3D, cache 96MB (mẹ́mórì kékeré tó yára) inú wọn ni géèmù bíi Warzone fẹ́ràn. Tówó ò bá tó, sọ̀ kalẹ̀ sí Ryzen 5 9600X, má dín káàdì kù. Bọ́ọ̀dù (motherboard) AM5 kan náà ni gbogbo wọn ń jókòó lé, lọ́jọ́ tówó bá dé o kàn máa pààrọ̀ prósẹ́sọ̀ ni.

i9 yẹn náà, ó lè fa iná tó 253W. Core ẹ̀yà 13 àti 14 ti Intel sì ní wàhálà fóltéèjì tó ń ba prósẹ́sọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, oṣù kẹjọ 2024 ni Intel gbé àtúnṣe 0x129 jáde, àmọ́ èyí tó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó fi sí i, kò lè wò ó sàn. Tòkunbọ̀ ńkọ́? Ta ló mọ bí wọ́n ṣe lò ó?

SístàAdéníjì:
Ẹ jẹ́ n sọ ti iná. Káàdì 300W, prósẹ́sọ̀ X3D kì í sábà kọjá 100W nínú géèmù, fi mọ́nítọ̀ àtàwọn yòókù kún un, ká pè é ní 500W. Bátìrì yín, 4,800Wh ni lórí ìwé, tó bá jẹ́ tubular ìdajì ni kẹ́ ẹ máa lò kó má baà tètè kú, ìyẹn 2,400Wh, ínfátà fúnra ẹ̀ á sì jẹ tiẹ̀ nínú ẹ̀. Wákàtí mẹ́rin ni ká sọ, tí ẹnikẹ́ni ò bá tan fáànù, mọ́mì ò sì ní torí Warzone jókòó sínú ooru. Dín power limit káàdì (iná tó lè fà) kù sí 80%, kó o sì ti frame (iye àwòrán ní ìṣẹ́jú àáyá kan) mọ́ 90 tó bá jẹ́ bátìrì lò ń lò. Ojú ẹ ò ní fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n, bátìrì á mọ̀ ọ́n.

Tún wo ara ínfátà yẹn, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ní APL (fún fáànù àti tẹlifíṣọ̀n) àti UPS (fún kọ̀ǹpútà) tí wọ́n máa ń yí sí. Tó bá wà ní APL, kó tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ NEPA ó lè tó 20ms, páwà sọ́páláì PC tó ń ṣiṣẹ́ gidi kì í sì í lè dúró ju nǹkan bíi 16ms lọ. Bí wọ́n ṣe mú iná báyìí, pàù, PC ti kú, ààrin ìjà lo wà. Yí i sí UPS. Kó sì jẹ́ pure sine wave o, ìyẹn iná tó ń lọ geere bíi ti NEPA.

Kétu4K:
Mo gbà, ṣùgbọ́n kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dárúkọ RTX 3090 tòkunbọ̀? 24GB, kò sì wọ́n tó tuntun.

Ẹ̀gbọ́nỌ̀tígbà:
@Kétu4K, 350W ni yẹn ń jẹ, ti àbúrò wa sì ni ínfátà. Kò ní frame generation ti DLSS, ìyẹn fífi AI dá àwòrán kún àwòrán. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fi wa Ethereum (owó kírípítò) tọ̀sán tòru títí ìyẹn fi parí ní oṣù kẹsàn-án 2022, ìdajì mẹ́mórì ẹ̀ sì wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù níbi tí fáànù ò dé. Ẹni tó bá fẹ́ rà á, kí wọ́n fi géèmù tó wúwo sí i lójú ẹ fún ààbọ̀ wákàtí, ṣí HWiNFO (áàpù tó ń fi ooru hàn) sẹ́gbẹ̀ẹ́, tí memory junction (ooru mẹ́mórì) bá ti ń sún mọ́ 110°C, dìde, máa lọ. Òróró tó bá ń jò létí káàdì, inú thermal pad (ohun rírọ̀ tó ń gbé ooru kúrò lára mẹ́mórì) ló ti ń jáde, má rà á.

ỌmọÌtirẹ́:
Ẹ ṣé gan-an o, ẹ̀gbọ́n, sístà. 5070 Ti àti 7800X3D ni mo máa mú. Ínfátà wa, APL ló wà lóòótọ́, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ wò ó. Páwà sọ́páláì mélòó ni kí n rà?

Ẹ̀gbọ́nỌ̀tígbà:
850W, Gold (àmì pé kì í fi iná ṣòfò púpọ̀), tuntun, kì í ṣe tòkunbọ̀. Kó ní wáyà 12V-2x6 tiẹ̀, èyí tó ń gbé iná wọ káàdì. Tó o bá ń kì í sínú káàdì, tì í wọlé títí àlàfo kankan ò ní sí mọ́, torí ẹnu wáyà tí kò wọlé tán ló máa ń gbóná tó sì ń yọ́. Tó o bá ti rà á tán, kọ̀wé síbí kí n wo ìwé owó ẹ.