Kí ni ká pe ibojì Khufu?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n wa dábàá pé ká máa pe pírámíìdì, irú ibojì tí wọ́n kọ́ fún Khufu, ọba Íjíbítì àtijọ́, ní “òkè onígun mẹ́ta” lédè Yorùbá. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò dáadáa, n kò lè gbà á. Ojú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní igun mẹ́ta lóòótọ́, àmọ́ igun mẹ́rin ni ìdí rẹ̀ ní. Ẹ̀gbẹ́ ìdí kọ̀ọ̀kan ti Khufu ní Giza tó nǹkan bíi mítà 230.

“Òkè” gan-an ló dùn mí jù. Olúmọ, òkè ni. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ ọ. Èyí, ọwọ́ ọmọ ènìyàn ló tò ó, òkúta bíi mílíọ̀nù 2.3, títí ó fi ga ju mítà 146 lọ. Ní 2013, wọ́n rí ìwé àkọsílẹ̀ ọ̀gá òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Merer ní Wadi al-Jarf, létí Òkun Pupa. Inú rẹ̀ ló ti ń kọ bí òun àti àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń fi ọkọ̀ ojú omi kó òkúta funfun láti Tura wá sí Giza. Bá a bá pè é ní òkè, a ti gba iṣẹ́ Merer lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn.

Ẹlòmíì ní ká lo “òkìtì”, nítorí òkìtì ẹ̀pà tí Kano ní láyé àtijọ́. Àpò ẹ̀pà tí wọ́n fẹ́ kó lọ tà ni wọ́n tò jọ níbẹ̀. Kò sí yàrá nínú rẹ̀. Ti Khufu ní ọ̀nà tóóró tó gba inú lọ, ó ní yàrá tí wọ́n fi akọ òkúta Aswan kọ́, pósí olókùúta ọba sì wà níbẹ̀ dòní.

Nítorí náà, “ibojì aboríṣóńṣó” ni èmi fara mọ́. Ibojì sọ ohun tí wọ́n kọ́ ọ fún, ṣóńṣó sì sọ bó ṣe rí. Àwa náà kúkú ń sọ pé ṣóńṣó orí òkè.

Ẹ ó bi mí pé ti Djoser, ọba Íjíbítì mìíràn, ní Saqqara ńkọ́? Òun ló ṣáájú ti Khufu, ìpele mẹ́fà ni, orí rẹ̀ ò sì ṣóńṣó. Ẹ jẹ́ ká pe ìyẹn ní “ibojì alátẹ̀gùn”. Ti Sneferu, bàbá Khufu, tó wà ní Dahshur, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ láàárín, “ibojì atẹ̀láàárín” ni mo fi sílẹ̀ fún un. Ẹ bá mi pè é sókè, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe dún.