Ọmọ tuntun mẹ́ta ti bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́, báwo la ṣe fẹ́ ṣe ọ́díìtì tí ò ní dìjà?

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni mí lápá Rẹ́mọ níbí, mi ò ní dárúkọ ibi iṣẹ́ wa. Láàrin oṣù mẹ́rin ọmọ tuntun mẹ́ta ló bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Èyí tó kẹ́yìn ò jẹ́ kí n sùn, ọmọ dé kò ké, a wá ámbù bágì, àpò tí wọ́n fi ń tẹ afẹ́fẹ́ sínú ọmọ tí ò mí, a wá a títí, àṣé wọ́n ti tì í mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ ẹ̀ sì ti lọ òde ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo wá ní ká ṣe ọ́díìtì, ìyẹn ká jókòó ká yẹ káàdì àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wò ká lè mọ ibi tó kù sí. Háà, ilé dàrú! Ẹnìkan ní ṣé mo fẹ́ kí wọ́n fún òun ní kúẹ́rì ni, ìkejì ò kí mi mọ́, káàdì kan sì pòórá. Kí n fi í lẹ̀ ni àbí?

Agbẹ̀bí Ìkẹ́nnẹ́: Àbúrò, pẹ̀lẹ́. Má fi í lẹ̀, àmọ́ ibi tó o gbà wọlé ló kù díẹ̀ káàtó. Ọ́díìtì ò bèèrè ta ló pa á. Yọ orúkọ nọ́ọ̀sì àti ti ìyá kúrò lórí ìwé, kẹ́ ẹ wá máa bèèrè aago: ìgbà wo ni ìyá dé, ìgbà wo lẹ gbọ́ ọkàn ọmọ kẹ́yìn, ọmọ tí ò mí yẹn, ìṣẹ́jú mélòó kó tó gba afẹ́fẹ́? Torí kí ìṣẹ́jú kan tó pé ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún un. Kọ́kọ́rọ́ yẹn ni èsì yín àkọ́kọ́! Ẹ gbé bágì síbi ìgbẹ̀bí, kí ẹni tó bá gbaṣẹ́ fi àtẹ́lẹwọ́ dí ẹnu ẹ̀ kó tẹ̀ ẹ́ wò, láàárọ̀, lálẹ́. Kẹ́ ẹ sì mu gààrí nípàdé yẹn o, ẹnu kì í le tó bẹ́ẹ̀ tí gààrí bá wà nílẹ̀ 😂

Ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó: Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀, wọ́n kọ ọ́díìtì tán wọ́n kó o sí fáìlì, ó parí. Iná gan-an ò sí.

Agbẹ̀bí Ìkẹ́nnẹ́: Ẹ kọ́kọ́ mú èyí tí ò gba owó. Ṣé ẹ̀ ń pa fáànù, ṣé ẹ̀ ń nu ọmọ gbẹ kẹ́ ẹ tó gbé e lé àyà ìyá ẹ̀, ṣé màmá àgbà ò ti gbé kànìnkànìn dé kí wákàtí 24 tó pé? Ẹ ka ọmọ ogún tó wà láàyè, mélòó ni ìgbóná ara ẹ̀ wà láàrin 36.5 sí 37.5°C lẹ́yìn wákàtí kan, ẹ ṣàtúnṣe, ẹ tún ogún míì kà. Ẹ máà dúró dìgbà tí ọmọ bá kú.

Dókítà Ṣágámù: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìwádìí NDHS 2018, ìyẹn ìwádìí ìjọba lórí ìlera àti ọmọ bíbí nílé-nílé, ní nínú ọmọ 1000 tí wọ́n bí láàyè ní Nàìjíríà, 39 ni ò lo oṣù kan. Àìtó oṣù, àìlèmí àti àrùn ló ń pa èyí tó pọ̀ jù, ẹ ya tiyín sọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì: Èmi ò kì í ṣe nọ́ọ̀sì o, àmọ́ ẹ bi àwa ìyá náà. Ìyá ọkọ mi ló ń fi róòbù sí ìwọ́ ọmọ mi, kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé jẹ́ẹ̀lì chlorhexidine, èyí tí wọ́n ń fi sí ìwọ́ kí àrùn má bàa wọ̀ ọ́, wà.

Ẹni tó bèèrè: Ẹ ṣé gan-an ni. Bágì ti wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì láti àná. Káàdì tó pòórá yẹn, mo bá a lórí tábìlì mi láàárọ̀ yìí. Mi ò bèèrè ẹni tó gbé e síbẹ̀.