Ìbéèrè ìmọ̀ràn: Ṣé mo lè fi ẹ̀rọ àwo bàbá mi kọ́ scratch?

Olùbéèrè, Àgbowó

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ DJ. Mo máa ń gbé orin sí i níbi àríyá kéékèèké ní Àgbowó àti Ṣáǹgò, kọ̀ǹpútà mi àti kọ̀ǹtírólà kékeré kan, ẹ̀rọ tí a fi ń darí orin inú kọ̀ǹpútà, tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ni mo sì ń lò. Mo ti mọ bí a ṣe ń mú orin kan wọ inú èkejì láìjẹ́ kí ijó dúró, ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ gan-an ni scratch, kí n máa fi ọwọ́ fa àwo síwá sẹ́yìn títí ohùn rẹ̀ yóò fi di ìlù mìíràn lórí ìlù tí ń lọ lábẹ́.

Bàbá mi ní ẹ̀rọ àwo àtijọ́ kan tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́, irú èyí tí ọ̀já rọ́bà ń yí, pẹ̀lú àpótí àwo Haruna Ishola àti Dauda Epo Àkàrà. Bí bàbá bá yọ̀ǹda, ǹjẹ́ mo lè fi ìwọ̀nyí kọ́ṣẹ́, àbí kí n máa tọ́jú owó fún turntable gidi, ẹ̀rọ àwo tí àwọn DJ ń lò? Ohun kejì tí ó ń dà mí láàmú ni pé ọwọ́ mi méjèèjì kì í bára wọn mu. Bí ọwọ́ òsì bá ń fa àwo, ọwọ́ ọ̀tún a gbàgbé fédà, ohun tí a ń sún láti fi ṣí ohùn tàbí tì í, ohun tí ó bá sì jáde kì í bọ́ sórí bíìtì. Níbo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn láti Mọ́kọ́lá

Àbúrò mi, o kú ìgbìyànjú, ṣùgbọ́n gbé ọwọ́ kúrò lórí àpótí bàbá rẹ ná. Abẹ́rẹ́ tí a bá ń fà síwá sẹ́yìn lójú kan náà máa ń jẹ ipa tẹ́ẹ́rẹ́ tí a gbẹ́ orin sí lára àwo, bí ó bá sì pẹ́ díẹ̀, ariwo ṣàà ni a óò máa gbọ́ níbẹ̀ dípò ohùn olórin. Àwo awurebe Dauda Epo Àkàrà, orin Ìbàdàn wa níbí, kì í ṣe ohun tí o lè sáré lọ rà padà ní Dùgbẹ̀ bí ó bá ti bàjẹ́. Bí ohùn kan bá wà nínú rẹ̀ tí o fẹ́ràn, gbé àwo náà sórí ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀kan, gba ohùn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kí o sì dá a padà sínú àpò rẹ̀. Èyí tí ó wà nínú kọ̀ǹpútà ni kí o máa fà, nítorí kò sí abẹ́rẹ́ tí ó lè jẹ ìyẹn.

Ní ti ẹ̀rọ náà, ọ̀já rọ́bà ni ìṣòro rẹ̀. Mọ́tò wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, rọ́bà ni ó sì fi ń yí pẹpẹ tí àwo jókòó lé, nítorí náà bí o bá di àwo mú tí o fà á sẹ́yìn, rọ́bà a yọ̀, nígbà tí o bá sì tú u sílẹ̀, yóò pẹ́ díẹ̀ kí ó tó padà sí eré tí ó ń sá tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyí tí àwọn DJ fi gba ti Technics SL-1200, tí ilé iṣẹ́ Matsushita ti Jàpáánì gbé jáde ní ọdún 1972: mọ́tò rẹ̀ wà lábẹ́ pẹpẹ gan-an, kò sí rọ́bà láàárín wọn. Ẹ̀dà MK2 rẹ̀, tí ó jáde ní 1979, ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ lójú. Bákan náà, àwọn ẹ̀rọ ilé máa ń ní rọ́bà nípọn lórí pẹpẹ kí àwo má baà yọ̀, òdìkejì ìyẹn sì ni àwa ń wá. Slipmat, aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí à ń tẹ́ sábẹ́ àwo, ni ó ń jẹ́ kí pẹpẹ máa yí lọ nígbà tí ọwọ́ rẹ dá àwo dúró.

Bí o bá dé ibi ríra àwo, àwọn kan wà tí a ṣe fún iṣẹ́ yìí nìkan. Ohùn kan náà ni a tún tẹ̀ sí i ní gbogbo ìyípo. Bí àwo bá ń yí ìgbà mẹ́tàlélọ́gbọ̀n àti ìdá mẹ́ta ní ìṣẹ́jú kan, ìyípo kan gba ìṣẹ́jú-àáyá 1.8, nítorí náà bí abẹ́rẹ́ bá fò bọ́ sínú ipa tí ó tẹ̀lé e, ohùn kan náà ni yóò bá níbẹ̀, ará ìta kò sì ní mọ̀.

Ìdáhùn láti Bódìjà

Mo fara mọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n sọ nípa àwo bàbá, ṣùgbọ́n n kò fẹ́ kí olùbéèrè rò pé láìsí turntable kò sí ẹ̀kọ́. Orí kọ̀ǹtírólà ni èmi ti kọ́ ọ, ẹ̀yìn ìgbà tí ọwọ́ mi dúró ni mo tó ra ẹ̀rọ ńlá. Òótọ́ ni pé àgbá orí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹtírólà, ohun róbótó tí a ń fi ọwọ́ yí dípò àwo, kì í yí fúnra rẹ̀, nítorí náà ọwọ́ yín kò ní mọ bí àwo ṣe ń fà á lọ. Síbẹ̀, fédà kan náà ni, bíìtì kan náà ni.

Ẹ ní ọwọ́ yín méjèèjì kì í bára wọn mu. Ẹ fi ọwọ́ ọ̀tún sínú àpò. Baby scratch ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀: fédà wà ní ṣíṣí, ẹ kò sì ní fọwọ́ kàn án rárá, ọwọ́ àwo nìkan ni yóò ṣiṣẹ́. Ẹ wá ohùn kúkúrú kan tí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ mú ṣáká. Èyí tí àwọn DJ káàkiri ayé ń lò jù, «ahh» àti «fresh», wá láti òpin àwo kan tí Fab 5 Freddy ṣe ní 1982. Ẹ fi àmì sí ibi tí ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ojú yín lè ran etí lọ́wọ́. Ẹ wá ìlù lásán tí kò ní orin, tí eré rẹ̀ kò ju bíìtì 80 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì máa lọ síwájú lórí bíìtì kan, kí ẹ padà sẹ́yìn lórí èkejì. Ìka méjì tàbí mẹ́ta tó, kí ọwọ́ sì fúyẹ́, nítorí ẹni tí ó bá tẹ àwo mọ́lẹ̀ yóò máa bá mọ́tò jà. Nígbà tí ìyẹn bá ti dúró, ẹ sọ ọ́ di ìfà méjì nínú bíìtì kan, lẹ́yìn náà mẹ́ta, lẹ́yìn náà mẹ́rin. Mẹ́ta ni ó máa ń dojú rú fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, àmọ́ ẹni tí ó fi etí fújì dàgbà kò yẹ kí ó bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ máa fi fóònù gba ohun tí ẹ bá ṣe, kí ẹ sì gbọ́ ọ ní ọjọ́ kejì, nítorí etí a máa gbè sẹ́yìn ọwọ́ ẹni.

Ẹ̀yìn èyí ni fédà kàn. Ẹ ṣí i bí àwo bá ń lọ síwájú, kí ẹ sì tì í nígbà tí ẹ bá ń fà á padà, kí àwọn ènìyàn má gbọ́ àbọ̀ rẹ̀. Forward scratch nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ wo ètò crossfader yín, ìyẹn fédà tí à ń sọ yìí. Bí ó bá kúrò ní ẹ̀gbẹ́ díẹ̀ péré, ohùn gbọ́dọ̀ jáde ní kíkún. Bí ó bá jẹ́ irú ètò tí ohùn ń gòkè díẹ̀díẹ̀ bí a ṣe ń sún un, èyí tí ó dára fún mímú orin wọ orin, scratch yín kò ní lágbára, ẹ ó sì rò pé ọwọ́ yín ni kò mọ̀ ọ́n ṣe.

Ìdáhùn láti Òkè-Àdó

Iṣẹ́ ìlù ni mo bá nílé wa, nítorí náà apá ohùn ni n ó mú. Bí o bá fún ọṣán gángan, ohùn rẹ̀ a lọ sókè. Bí ọwọ́ rẹ bá yára lórí àwo, ohùn àwo a lọ sókè, bí ó bá sì falẹ̀, a wálẹ̀. Bí o bá fẹ́ fa ọ̀rọ̀ Yorùbá, eré ọwọ́ rẹ gbọ́dọ̀ dọ́gba láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà dé òpin, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ àmì ohùn yóò dàrú, ẹnikẹ́ni kò sì ní mọ ohun tí àwo ń wí. Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, scratch kan wà tí wọ́n ń pè ní tear, orí yíyí eré padà yìí gan-an ni ó dúró lé. O kò ní fọwọ́ kan fédà. O kàn máa dá ọwọ́ dúró díẹ̀ ní àárín ìfàsẹ́yìn, kí ìfà kan ṣoṣo di ohùn méjì. Kọ́ ọ ṣáájú èyíkéyìí tí ó ní fédà nínú, ohun yòówù kí àwọn tí ó kù sọ.

Olùbéèrè, Àgbowó

Ẹ ṣeun gan-an. Àǹtí Bódìjà, ẹ jọ̀wọ́, chirp ni mo máa ń gbọ́ tí ó sì ń wù mí, èyí tí ó ń dún bí ẹyẹ. Báwo ni ọwọ́ méjèèjì ṣe ń rìn níbẹ̀?

Ìdáhùn láti Bódìjà

Ìbẹ̀rẹ̀ ohùn ni àwo yóò wà, fédà yóò sì wà ní ṣíṣí. Bí ọwọ́ àwo bá ti ń lọ síwájú, kí ọwọ́ fédà máa tì. Bí àwo bá ti ń padà, kí fédà máa ṣí. Ibi tí àwo ti yí padà ni a kò gbọdọ̀ gbọ́. Bí ẹ bá ń gbọ́ ọ, a jẹ́ pé fédà ti pẹ́ jù. Ẹ má tíì fọwọ́ kan transformer àti flare, àwọn scratch mìíràn tí ó lo fédà, títí èyí yóò fi mọ́ tónítóní.

Ìdáhùn láti Chálẹ́ńjì

Mo ti ń ṣe iṣẹ́ yìí láti ayé kásẹ́ẹ̀tì, nítorí náà ẹ gbà mí láyè. Àwọn tí ó ná owó sí òwàḿbẹ̀ kò pe DJ kí ó wá gé orin tí wọ́n fẹ́ jó sí wẹ́wẹ́. Bí olórin bá ń ki ìdílé kan lọ́wọ́, tí ìyá àgbà ti dìde tí wọ́n ń ná owó fún un, tí o wá fa àwo lé oríkì náà lórí, ibẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ parí sí. Àyè scratch ni àwọn bíìtì díẹ̀ tí ó ṣáájú kí orin tó yí padà, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn ará ilé bá sì ń ráhùn nítorí ariwo ìdánrawò rẹ, má jẹ́ kí ó dà ọ́ láàmú. Grand Wizzard Theodore, tí a gbà pé òun ni ó dá scratch sílẹ̀ ní Bronx ní New York ní nǹkan bí ọdún 1975, sọ pé ìyá òun ni ó dé ẹnu ọ̀nà láti bá òun wí nítorí orin, tí òun sì fi ọwọ́ di àwo mú kí òun lè gbọ́ ohun tí ìyá ń sọ. Bí ìyá rẹ bá ti ń pariwo, o ti wà lójú ọ̀nà.

Ìdáhùn láti Mọ́kọ́lá

Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n wa tọ́ fún òwàḿbẹ̀, ṣùgbọ́n àríyá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní Àgbowó kì í ṣe òwàḿbẹ̀, àwọn yẹn á sún mọ́ tábìlì kí wọ́n lè wo ọwọ́ rẹ.

Àbúrò, nítorí iná tí kì í dúró, mọ̀ pé ẹ̀rọ kékeré kan wà tí ń jẹ́ Numark PT01 Scratch, tí ó lè fi bátìrì ṣiṣẹ́. Rọ́bà ni ó ń yí òun náà, ṣùgbọ́n fédà wà lára rẹ̀, àwọn kan sì ń ṣe bẹbẹ lórí rẹ̀. Bí turntable tòkunbọ̀ ni o bá fẹ́ rà, di apá abẹ́rẹ́ mú jẹ́jẹ́ kí o wò ó bóyá ó ń mì. Tan ẹ̀rọ, gbé ìwọ̀n eré sí òdo, kí o sì wo àwọn àmì róbótó etí pẹpẹ lábẹ́ iná kékeré ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: ó yẹ kí ìlà kan nínú wọn dà bí èyí tí ó dúró sójú kan. Má gbé e sórí tábìlì kan náà pẹ̀lú sípíkà, má sì jẹ́ kí jẹnẹrétọ̀ wà nítòsí, nítorí ìmìtìtì wọn a máa ta abẹ́rẹ́ dànù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí o tó ki wáyà rẹ̀ bọ iná, ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Èyí tí a ṣe fún Amẹ́ríkà ń gba 120 volt, ti Jàpáánì ń gba 100, iná tiwa sì lé ní 220. Bí o kò bá rí ibi tí a ti lè yí i padà lára rẹ̀, ra ẹ̀rọ tí ń dín iná kù mọ́ ọn, kí o sì yọ owó ìyẹn kúrò nínú iye tí o máa dá fún ẹni tí ń tà á.